Mùnírátù Di Ẹrù Lọ Sí Ìdíje Alùpùpù

“Wọ́n ní Bàbá Lágúnjú ní bí ọmọ yẹn bá fi lè gun alùpùpù òun wọ inú ìdíje yẹn…”

“Ẹ̀n-ẹ́n? Kí ni kí ó ṣe?”

“Kí ó má padà wọ ilé… Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa wọn kẹrosín mi. Ẹnu tèmi kọ́ ni wọn yóò ti gbọ́ ọ.”

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rìn kiri Òkèrèwè ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà òjò àrọ̀kúrò ọdún 1995. Èṣùbíyì, ọ̀rẹ́ Bàbá Lágúnjú láti kékeré, ló kọ́kọ́ gbé e kúrò lẹ́nu Bàbá. Ó délé, ó jẹun, ó ń fi igi tayín, ó sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sọ díẹ̀ nínú díẹ̀ fún Ìyá Fàrídà tó ń ta kẹrosín lẹ́nu ọ̀nà agboolé Lágúnjú. Ìyá Fàrídà sì sọ èyí tó kù fún Dúrósinmí mẹkáníìkì, nígbà tó wá ra kẹrosín tí yóò fi fọ ṣéènì. Gbogbo wọn ló gbé ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gbé ìkòkò gbígbóná, tí kì í dúró wo ìdí rẹ̀ kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Kò sì sí ẹni tó bèèrè pé, “Kí ló kù níbẹ̀?” Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ní Òkèrèwè, ta ló fẹ́ kí wọ́n mọ òun sí ẹni tí odindi ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ fún?

Mùnírátù tí ọ̀rọ̀ kàn wà lẹ́yìnkùlé, ó lóṣòó ti alùpùpù, ó ń fi àkísà nu púlọ́ọ̀gì. Dúrósinmí gbé kẹrosín kalẹ̀, kò tilẹ̀ kí i.

“Múníra, ṣé o ti gbọ́?”

“Kí ni mo fẹ́ gbọ́, Bọ̀dá Dúró?”

“Wọ́n ní Bàbá ní bó o bá gun máṣíìnì yìí wọ inú ìdíje wa, kó o má padà wọ ilé…”

“Ilé ta?”

“Ilé tiwọn ńkọ́? Ilé tèmi, ìwọ náà mọ̀ pé kò sí àyè níbẹ̀.”

Mùnírátù gbé púlọ́ọ̀gì sún mọ́ ẹnu, ó fẹ́ ẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ́ tónítóní. Inú rẹ̀ ló ti ń bá wọn parí ọ̀rọ̀ náà. Kò sì pẹ́ tó fi parí rẹ̀.

Bàbá tó bí ìyá rẹ̀ ni Bàbá Lágúnjú. Àwọn òbí rẹ̀ ń ṣòwò ní Kánò, láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú ni wọ́n ti fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá. Kò mọ ilé mìíràn. Onítìjú ọmọ ni. Bó bá ń lé adìyẹ nídìí àgbàdo, adìyẹ á kọ́kọ́ gbé èyí tó wà lẹ́nu mì, á wò ó lójú, kó tó rọra máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lé orí alùpùpù, ẹ ó rí ẹlòmíràn. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń yọ Bàbá lẹ́nu, òun ló ń gbé e lọ sí oko kòkó. Òun ló ń di àpò kòkó mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, tó ń gbé e wálé lójú ọ̀nà tóóró tí ẹni méjì kì í lè yà fún ara wọn. Alùpùpù náà ti dàgbà. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ìró rẹ̀ sì dà bí ikọ́ arúgbó tí kò ní in lọ́kàn láti kú.

Ìdíje tí à ń sọ yìí, àwọn tó fẹ́ràn alùpùpù ló kó ara wọn jọ dá a sílẹ̀: mẹkáníìkì, olùkọ́ yunifásítì, oníṣòwò, àtàwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Kì í ṣe eré orí títì. Inú igbó ni. Láti Ẹdúnàbọ̀n, wọn yóò gba inú oko kòkó, wọn yóò la odò àti àbàtà kọjá, wọn yóò yọ lẹ́yìn Mọdákẹ́kẹ́, wọn yóò sì parí rẹ̀ ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ifẹ̀. Níbi tí àwọn alábòójútó bá dúró sí lójú ọ̀nà, wọn yóò fi búrọ́ọ̀ṣì kan ọ̀dà mọ́ irin tó bo táyà iwájú, àwọ̀ ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ẹ̀bùrú. Ẹni mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n pín ara wọn sí. Bí táyà ẹnì kẹta kò bá tíì kọjá ìlà, ẹgbẹ́ náà kò tíì dé. Ìyẹn ni pé ẹni tó yára jù kò yára ju ẹni tó falẹ̀ jù nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ.

Mùnírátù, Dúrósinmí àti Adébíyìí ló jẹ́ ẹgbẹ́ kan. Tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Adébíyìí. Ó tóbi, alùpùpù rẹ̀ kéré. Bó bá jókòó lé e, ẹ ó rò pé àgùntàn ló gùn.

Ẹ ó ní kí ló dé tí Mùnírátù kò lọ bi Bàbá fúnra rẹ̀. Bí ọmọ ṣe ń dúró níwájú àgbà, kó ní “Ṣé lóòótọ́ lẹ sọ báyìí?”, kò sí nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Bàbá náà sì ní ìwà tirẹ̀: kì í bá ọmọ sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo lójúkojú. Ó gbà pé bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti ẹnu bàbá bọ́ sí etí ọmọ tààrà, yóò dà bí ìbínú tàbí kó dà bí ẹ̀bẹ̀, òun kò sì fẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹnìkan ló máa ń fi irú rẹ̀ rán.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mùnírátù gbé iyán fún Bàbá, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń retí. Bàbá jẹun, ó jẹun. Ìgbà tó fọwọ́ tán ló tó gbójú sókè.

“Ṣé Èṣùbíyì ti bá ọ sọ̀rọ̀?”

“Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí mi, Bàbá.”

“O gbọ́ ọ dáadáa?”

“Mo gbọ́ ọ, sà.”

“Ó dáa. Mi ò ní tún un sọ. Ó kù sí ọ lọ́wọ́.”

Ètè Bàbá gbọ̀n díẹ̀ bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Mùnírátù rí i. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ìbínú náà mà pọ̀ o, tó fi ń mú ètè àgbàlagbà gbọ̀n.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ Adébíyìí lọ láti sọ fún un pé òun ò ṣe mọ́. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ láti ilé. Ìgbà tó dé ibẹ̀, Adébíyìí ń fi alùpùpù rẹ̀ gun òkìtì iyẹ̀pẹ̀ kan lẹ́yìn kíláàsì, ó ń ṣubú, ó ń dìde, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tò yí i ká, wọ́n ń kọrin pé tíṣà àwọn ló máa gbégbá orókè. Iyẹ̀pẹ̀ ti kún inú irùngbọ̀n rẹ̀.

“Múníra, o dé lákòókò,” ni Adébíyìí wí. “Wá wo bí mo ṣe ń ṣubú. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣubú sí. Mo ti mọ ti ọ̀tún báyìí.”

“Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà.”

“Kí lo fẹ́ sọ? Ojú rẹ jọ ojú ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan.”

“Mo ní kí n kí yín ni.”

Bó ṣe padà sílé nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Bí òun bá yẹ̀, ìdíje ti tán fún Tíṣà, ó ti tán fún Dúrósinmí tó ti tú alùpùpù rẹ̀ palẹ̀ tó sì ti tún un tò tán. Bí òun bá sì lọ, òun kò ní ilé mọ́. Ó ronú títí, orí rẹ̀ gbóná. Ní ìkẹyìn, ó rí ọgbọ́n kan dá. Àǹtí Abímbọ́lá, àbúrò ìyá rẹ̀, ń gbé ní Mọdákẹ́kẹ́, lẹ́bàá ibi tí ìdíje yóò gbà kọjá. Bí wọn kò bá ní jẹ́ kí òun padà wọlé, ṣebí ó yẹ kí aṣọ òun ti wà lọ́wọ́ òun. Ó kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó wé e sínú aṣọ ìdùbúlẹ̀, ó dì í gírígírí bí ìgbà tó ń di àpò kòkó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, Ẹdúnàbọ̀n kún. Àwọn ènìyàn jókòó lé orí ògiri, àwọn mìíràn gun orí ọkọ̀ akẹ́rù. Ìró alùpùpù gba gbogbo ojú ọ̀nà. Mùnírátù yọ, ó wọ ṣòkòtò oko, ó fi ìborùn wé orí rẹ̀ pinpin, ẹrù ràgàjì sì wà lẹ́yìn alùpùpù rẹ̀.

“Alájàpá,” ni ẹnìkan ké láti orí ògiri, “ọjà Ìpetumodu kọ́ nìyí o.”

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ni ẹlòmíràn dá a lóhùn, “ilé ọkọ ló ń lọ. Ó ní kí òun fi ojú ọ̀nà kan ṣe méjèèjì.”

Dúrósinmí sún mọ́ ọn. “Kí ló wà nínú èyí?”

“Aṣọ ni.”

“Aṣọ wo?”

“Èyí tí mo ní.”

“Gbogbo rẹ̀?”

Mùnírátù fa okùn ẹrù náà le. Dúrósinmí ti la ẹnu láti tún sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Adébíyìí fi ìgúnpá gún un, ó sì pa á dé. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga, olùkọ́ yunifásítì tó jẹ́ olórí àwọn alábòójútó, yí ẹrù náà po, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò.

“Òfin wa kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹrù,” ló wí níkẹyìn. “Ohun tí kò jẹ́ kí a ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó rò pé ẹnìkan lè gbé e.”

Bí wọ́n ṣe ju àsíá sílẹ̀ ni alùpùpù ń ké tó ń wọgbó lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ dùn. Oko kòkó ni, ibòji wà, ewé gbígbẹ sì bo ilẹ̀, òjò ti rin ín, ó ń yọ̀ bí ilá. Àwọn tó ti fi iná kún iná láti ibẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bú kòkó. Mùnírátù kò yára, kò falẹ̀. Bí ó ṣe ń gun ọ̀nà oko Bàbá náà ló ń gun èyí, ó dìde díẹ̀ lórí ìjókòó, ó jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ máa bá alùpùpù jó. Ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́ rárá. Àpò kòkó wúwo jù ú lọ. Kò pẹ́ tó fi gbàgbé pé òun ń bànújẹ́. Ìgbà tí wọ́n dé ibi igi ńlá kan tó wó dábùú ọ̀nà, ó gbé táyà iwájú sókè, ó gorí rẹ̀, ó bọ́ sí òdìkejì, ó sì gbọ́ tí ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín.

“Tíṣà,” ni Dúrósinmí pariwo láti ẹ̀yìn igi náà, “ẹ̀gbẹ́ wo lẹ fẹ́ ṣubú sí?”

“Ọ̀tún,” ni Adébíyìí dáhùn, ó sì ṣubú sí òsì.

Wọ́n la odò kékeré kan kọjá. Omi wọ alùpùpù Dúrósinmí, ó kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Dúrósinmí tó máa ń fi alùpùpù oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́ wá dúró sínú omi tó mu ún dé orúnkún, ó ń bẹ tirẹ̀ bí ẹni ń bẹ ìyàwó tó ti di ẹrù tán. Àwọn méjèèjì tó kù fà á gòkè, ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó nù ún, ó dá a padà. Alùpùpù wú ikọ́, ó pọ omi, ó jí.

Àbàtà ló wá dé lẹ́yìn ìyẹn. Mùnírátù rí koríko tó tutù yọ̀yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gba orí rẹ̀, Dúrósinmí sì tẹ̀lé ojú táyà rẹ̀. Adébíyìí rí àárín tó tẹ́jú bí orí tábìlì, ó ní ibi tó tẹ́jú ló dáa. Alùpùpù rẹ̀ rì títí ó fi ku ìjókòó nìkan, òun náà sì jókòó lé e síbẹ̀, bí ẹni tó jókòó sórí àpótí nínú ẹrẹ̀.

“Ẹ má mira, Tíṣà.”

“Mi ò mira. Ilẹ̀ ló ń mira.”

Wọ́n fà á. Wọ́n tì í. Bí táyà bá ti ń yí, yóò máa gbẹ́ kòtò tirẹ̀ jinlẹ̀ sí i ni, ẹrẹ̀ yóò sì máa ta sí wọn lójú. Wọ́n já ewé, ewé rì. Wọ́n wá igi, èyí tó wà ti jẹrà. Dúrósinmí wo ẹrù tó wà lẹ́yìn alùpùpù Mùnírátù. Mùnírátù náà wò ó. Ó lọ tú u, ó mú ìró kan jáde, ó ká a mẹ́rin, ó tẹ́ ẹ síwájú táyà. Táyà gorí rẹ̀, ó sún díẹ̀, ó dúró. Ó mú òmíràn. Ó mú òmíràn sí i. Ẹgbẹ́ mìíràn ń kọjá ní orí koríko, wọ́n dẹ iná sílẹ̀ láti wo ìran.

“Ẹ̀yin alágbàfọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ máa bá wa lọ̀ ọ́ náà?”

“Ẹ máa lọ,” ni Dúrósinmí wí, “tiyín ń bẹ níwájú.”

Ó wá ku ẹsẹ̀ bàtà kan kí táyà dé orí ilẹ̀ líle, aṣọ ìwọ̀sílé sì ti tán. Èyí tó kù lókè nínú ẹrù ni àǹkárá tí Bàbá rà fún un ní Iléyá tó kọjá, aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó funfun. Mùnírátù dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Adébíyìí rí i.

“Kì í ṣe ìyẹn,” ló wí. “Ìyẹn dára jù. Ẹ jẹ́ ká dúró de òòrùn, kí ẹrẹ̀ gbẹ.”

“Títí ìgbà wo, Tíṣà?”

“Títí ẹ̀ẹ̀rùn.”

Ẹ̀rín pa Mùnírátù, ó sì tẹ́ àǹkárá náà. Alùpùpù fi ariwo gun orí rẹ̀, ó fò sórí ilẹ̀ líle, Adébíyìí ṣubú sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

Wọ́n kó aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ náà jọ, ó ti wúwo ìlọ́po méjì, wọ́n tún un dì, wọ́n sì ń lọ. Ọ̀nà dára sí i. Wọ́n gba ọ̀dà funfun, wọ́n gba ọ̀dà pupa. Ìgbà tí wọ́n yọ sẹ́yìn Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kan ọ̀dà tó kẹ́yìn, Mùnírátù rí Àǹtí Abímbọ́lá tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà láàárín àwọn òǹwòran, tó ń fi gèlè juwọ́ sí i. Òrùlé ilé Àǹtí ni wọ́n ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yẹn.

Ìgbà náà ni èrò kan wọlé sí i lọ́kàn. Ìdíje tí a kò bá parí, ta ló lè ní a ṣe é? Bí òun bá dúró síbí, kí òun lọ bá Bàbá, kí òun ní, “Bàbá, mi ò ṣe é mọ́, mo yípadà lójú ọ̀nà,” ṣé wọn kò ní foríjì òun? Ṣé wọn kò ní jẹ́ kí òun wọlé?

Ó pa alùpùpù. Dúrósinmí tó ti kọjá lọ síwájú yí padà. Adébíyìí náà dúró.

“Ṣéènì ni?”

“Rárá.”

“Epo?”

“Bọ̀dá Dúró, Bàbá ní kí n má padà wọ ilé. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi. Bàbá fúnra wọn bi mí bóyá mo gbọ́, mo ní mo gbọ́, wọ́n ní ó kù sí mi lọ́wọ́. Mo ti di ẹrù mi. Mo rò pé mo lè ṣe é. Ṣùgbọ́n mo rò ó wò báyìí pé bí mi ò bá parí rẹ̀, ó lè dà bí ẹni pé mi ò lọ. Mi ò ní ilé mìíràn. Ẹ má bínú.”

Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Dúrósinmí wo ilẹ̀. Ó fẹ́ ṣe àwàdà, àwàdà kò wá.

Adébíyìí pa alùpùpù tirẹ̀ náà, ó gbé e ti igi, ó jókòó sórí koríko pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. “Ẹni mẹ́ta ni wá,” ló wí. “Bí ìwọ bá dúró, a dúró. Dúrósinmí, jókòó.”

“Kí n jókòó kẹ̀? Ṣé kí àwọn tó wà lẹ́yìn bá wa níbí, kí wọ́n tún fi wá ṣe yẹ̀yẹ́?”

“Jókòó.”

Dúrósinmí jókòó. Àǹtí Abímbọ́lá bu omi wá fún wọn, ó wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lójú, ó wo ẹrù.

“Múníra, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ilé mi ṣí sílẹ̀ fún ọ lónìí, ó ṣí sílẹ̀ lọ́la. Ìyẹn kì í ṣe ìṣòro. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn méjèèjì yìí ń dúró dè?”

“Èmi ni, mà.”

“Wọ́n sì ti mọ̀ pé o ò lọ mọ́?”

“Wọ́n mọ̀, mà.”

“Wọ́n wá jókòó.”

Mùnírátù wò wọ́n. Adébíyìí ń fi ewé ha ẹrẹ̀ kúrò ní etí rẹ̀, kò kánjú, àfi bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ló ti ń lọ láti àárọ̀. Ó rántí ọ̀nà oko. Bí ẹrù ẹnìkan bá tú lójú ọ̀nà, Bàbá kì í kọjá. Á ní kí òun pa alùpùpù, á fi orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu yẹn sọ̀ kalẹ̀, wọn á jọ dì í, ì báà jẹ́ ẹrù ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Ẹni tó kọ́ òun ní ìyẹn ló lé òun nílé yìí. Bí òun bá gbọ́ràn sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni òun fi sílẹ̀ lọ́nà. Ó dìde, ó gbé ife fún Àǹtí.

“Àǹtí, ẹ bá mi tẹ́ ẹní sílẹ̀. Mo ń bọ̀ wá sùn.”

Ó fi ẹsẹ̀ ta alùpùpù, arúgbó náà sì wú ikọ́ dìde. Dúrósinmí ti dé orí tirẹ̀ kó tó ṣe tán.

Wọn kò ṣe ìkíní. Wọn kò sì ṣe ìkejì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń bẹ ní àbàtà nígbà náà tí kò ní aṣọ tí wọn yóò tẹ́. Wọ́n wọ pápá pa pọ̀, Adébíyìí ní àárín, Mùnírátù ní ọ̀tún, Dúrósinmí ní òsì tó ń pariwo orúkọ ara rẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì sá wọ inú pápá, wọ́n bo tíṣà wọn mọ́lẹ̀. Táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá ìlà.

Àwọn ará Òkèrèwè wà níbẹ̀. Ìyá Fàrídà wà níbẹ̀ láìsí kẹrosín. Láàárín wọn, lórí àga kan tí wọ́n gbé láti ilé, ni Bàbá Lágúnjú jókòó sí, Èṣùbíyì sì dúró tì í.

Mùnírátù sọ̀ kalẹ̀. Ó tú ẹrù rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, ó fi kọ́kọ́rọ́ alùpùpù sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ ṣeun fún gbogbo ìgbà tí ẹ fi tọ́jú mi. Máṣíìnì yín rèé. Mo ń lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Abímbọ́lá.”

Bàbá wo kọ́kọ́rọ́. Ó wo ẹrù tó ń kán ẹrẹ̀. Àǹkárá Iléyá yọ orí níbẹ̀, òdòdó rẹ̀ ti di aláwọ̀ ilẹ̀.

“Kí lo ń lọ ṣe lọ́dọ̀ Abímbọ́lá?”

“Ẹ ní kí n má padà wọ ilé, sà. Bí mo bá wọ inú ìdíje.”

“Èmi?”

“Ẹ̀yin, sà. Mo gbọ́ ọ.”

“Lẹ́nu ta?”

“Lẹ́nu Bọ̀dá Dúró.”

Dúrósinmí dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó bi í. “Bàbá, lẹ́nu Ìyá Fàrídà ni mo ti gbọ́ ọ.”

“Ẹ má fi ọwọ́ kan tèmi,” ni Ìyá Fàrídà wí láti ẹ̀yìn, “ìyàwó Bàbá Èṣùbíyì ló sọ ọ́ fún mi.”

Bàbá yí ojú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èṣùbíyì ń wo ibi tí alùpùpù ti ń wọlé, bí ẹni pé ọmọ tirẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

“Èṣùbíyì, ta ni mo ní kí o sọ fún?”

“Mùnírátù ni.”

“Ta lo sọ fún?”

“Mo ti ń ronú bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún un. Mo kọ́kọ́ sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ nílé ná.”

“Díẹ̀ wo?”

“Ìbẹ̀rẹ̀.”

“Ìparí ńkọ́?”

“Lágúnjú, ìwọ náà mọ̀ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún—”

“Mo mọ òwe náà kí a tó bí ìyàwó rẹ. Ọmọ yìí ti di ẹrù jáde nílé mi, àǹkárá tí mo rà fún un ti di ẹní táyà. Mo ní mi ò ní tún ọ̀rọ̀ mi sọ, mi ò sì ní tún un sọ. Ìwọ ni kí o sọ ọ́. Bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi.”

“Níwájú gbogbo ayé?”

“Níwájú wọn.”

Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá sún mọ́ wọn láti gbọ́. Mùnírátù gbé orí sókè lórí ìkúnlẹ̀, ó sì rí i pé ètè Bàbá tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, pé kì í ṣe ìbínú rárá, ẹ̀rín ló ń dì mú síbẹ̀. Èṣùbíyì tẹ fìlà rẹ̀ síwájú títí ó fi bò ó lójú, ó wú ikọ́, ó sì wo ilẹ̀.

“Ó ní, ‘Èṣùbíyì, sọ fún Mùnírátù pé bí ó bá gun alùpùpù mi wọ inú ìdíje yẹn, kí ó má padà wọ ilé mi láìparí rẹ̀, nítorí láti ọjọ́ tí ìwọ Èṣùbíyì ti gun máṣíìnì yẹn wọ inú kòtò níwájú àwọn àna rẹ, tí o ní máṣíìnì ló tì ọ́, ni mo ti ń wá ẹni tí yóò bá mi fi hàn pé máṣíìnì mi kò lẹ́bi.’”